Ìwé Tí A Fọwọ́ Sí Pé A Wá Kì í Ṣe Ìwé Pé A Gbà

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí agbára ṣì wà ní apá yín, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì sì ni pẹ̀lú. Láti ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí dé agbègbè Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́, ìlú ńlá ń yọ́ wọ inú abúlé bí òkun ṣe ń yọ́ jẹ etí ilẹ̀. Oko gbágùúdá àná ti di ọjà ilé lónìí. Igbó obì tí baba gbìn fún ọmọ ti di ibi tí a ri pátákó ńlá mọ́, tí a kọ orúkọ ẹ̀sítéètì sí lára. Ṣùgbọ́n kí ilé tó dé, ìpàdé kan a máa kọ́kọ́ dé. Ìpàdé yìí gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wọ abúlé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ wà lóko, tí ìyá ọlọ́jà wà lọ́jà, tí olùkọ́ sì wà ní iléèwé. Wọ́n á ti ta àtíbàbà sílẹ̀ ní iwájú ilé Baálẹ̀. Ẹnìkan á na àwòrán ilé sókè, á máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa tú u sí Yorùbá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohun tí a sọ ni yóò tú. Wọn yóò ní títì ń bọ̀, iná ń bọ̀, omi ń bọ̀, iṣẹ́ ń bọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Wọn yóò gbé ìwé kan káàkiri kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i; ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ ìka. Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì á dé, omi inú ọ̀rá á tẹ̀lé e, àpò ìwé pẹlẹbẹ á sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti pinnu pé kí ó bọ́ sí. A ya fọ́tò. Ó parí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, nígbà tí katakata bá dé ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá arúgbó bá figbe ta pé ta ni ó ta oko òun, ìwé yẹn ni wọn yóò yọ síta. Wọn á ní: ṣé orúkọ rẹ kọ́ nìyí? Ṣé ìka rẹ kọ́ nìyí? Ìwé tí ó fọwọ́ sí pé òun wá sí ìpàdé ti di ìwé pé òun gbà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa: wíwá kì í ṣe gbígbà. Gbogbo ẹni tí ó wá síbi ìsìnkú kọ́ ni ó pa òkú. Ẹni tí a pè láti wá gbọ́ ohun tí a ti pinnu, a kò bi í léèrè. A kéde fún un ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbéèrè àti ìkéde ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

A KÒ BÁ ILÉ JÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a má kọ́ ilé. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, ọ̀dọ́ ń gbéyàwó, yàrá kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́rin ń sùn sí ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé tí tálákà lè gbé ti ṣe iṣẹ́ tí ó ní láádá. Alhaji Lateef Jakande, tí ó jẹ́ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú. Ó jáde láyé ní 2021, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì fi ń pe àwọn ilé náà títí di òní.

Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Ní àkókò kan náà, ní 1980, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari gbé ètò ilé kíkọ́ kan kalẹ̀, tí wọ́n fẹ́ máa fi kọ́ 40,000 ilé lọ́dún: 2,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà nígbà náà, àti 2,000 ní Àbújá. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n láti òkè ni a ti pín in bákan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, yálà èrò pọ̀ níbẹ̀ tàbí kò pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n kọ́ ilé náà sí ẹ̀yìn ìlú jíjìnnà, níbi tí iṣẹ́ kò sí, tí ọjà kò sí, tí omi kò sì dé. Òmíràn kò parí títí ìjọba náà fi ṣubú. Òmíràn parí, kò rí olùgbé, igbó sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi àwọn tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ ilé fún léèrè ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń rìn sí láràárọ̀, wọn ì bá ti gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó ra bíríkì àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìbéèrè ni ó ń dí ilé kíkọ́ lọ́wọ́. Àìbéèrè ni ó ń sọ ilé di ahoro.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ará abúlé ni pé ìjọba ni ó ni gbogbo ilẹ̀, nítorí náà kí wọ́n dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo òfin náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Abala kìíní rẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìdajì kejì ni wọn kì í kà sétí wa: pé Gómìnà ń dì í mú fún àwọn ẹlòmíràn ni, fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Amaana ni. Ẹni tí a fi ohun ṣọ́ kì í ṣe ẹni tí ó ni ín.

Abala 28 fún Gómìnà ní agbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí a fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi yé gbogbo ayé pé agbára yìí kò kọjá àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀, àti pé ìgbàpadà tí ó bá ti yà kúrò lára wọn lòdì sí òfin. Abala 44 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sì pàṣẹ pé kí a san owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀, kí ẹni tí a gba ohun ìní rẹ̀ sì lè gba kóòtù lọ.

Òfin mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò tíì gbọ́ rí. Òfin 86 ti ọdún 1992 ní kí a yẹ ìpalára tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká wò kí a tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀sítéètì tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó 50 hẹ́kítà wà nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin yìí dárúkọ. Kí ó lè yé wa, 50 hẹ́kítà lé ní 700 pulọ́ọ̀tù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí a kò bá yọ títì kúrò nínú rẹ̀. Abala keje òfin náà ní kí a fún àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ní àyè láti sọ èrò wọn kí àjọ ìjọba tó ṣe ìpinnu. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fi ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà kí ẹnikẹ́ni lè wá kà á. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gé ilẹ̀ 120 hẹ́kítà sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ó pè é ní iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀dọ́ abúlé béèrè ìdí rẹ̀.

Kí a má tan ara wa jẹ, òfin ilẹ̀ náà ní ibi tí ó ti jò. Abala 29 rẹ̀ kò sanwó ilẹ̀ bí a ṣe ń ta ilẹ̀ lọ́jà. Ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí a ṣe sórí ilẹ̀ ni ó ń sanwó fún. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí ó tó iye tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí ilẹ̀ náà ní ọdún yẹn ni, bí ó bá tilẹ̀ san rárá. Àgbẹ̀ wo ní abúlé wa ni ó ń san irú owó bẹ́ẹ̀? Èyí tí ó tún burú ni pé bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, Gómìnà lè pàṣẹ kí a san owó náà fún àwùjọ, tàbí fún olórí wọn, tàbí kí a kó o sínú àpò kan tí ó bá yàn. Òfin ní kí olórí ná an fún àǹfààní àwùjọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ìwé ìṣirò rẹ̀? Ibí yìí ni eku ti ń rí ihò wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e, owó gbà-má-bínú nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí. Orúkọ tí a sì fún owó náà ti tú àṣírí ara rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé a óò bínú. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

ẸJỌ́ ÀPÁPÁ, MÁRÒKÓ ÀTI OTODO GBAME

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìjọba ní ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, pé kò ní ilẹ̀ kankan tí a óò sanwó rẹ̀ fún un. Ọkùnrin yìí kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ àṣekágbá nígbà náà dájọ́ pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ náà, owó ilẹ̀ ní kíkún ni ó sì yẹ kí a san. Ìdájọ́ yìí ní ojú méjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀kan pa mọ́ fún yín. Ojú kìíní kọ sí ìjọba: ilẹ̀ ní olówó. Ojú kejì kọ sí olóyè: ìwọ kọ́ ni olówó rẹ̀, àwùjọ, abúlé àti ẹbí ni, ìwọ ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Baálẹ̀ tí ó bá dá nìkan fọwọ́ sí ìwé ní alẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di ohun tí kò jẹ́.

Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Máròkó ní nǹkan bí ọjọ́ méje péré láti kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni katakata wọlé. Iye ènìyàn tí wọ́n sọ di aláìnílé tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ṣe kà á. Wọ́n ní omi ni yóò gbé ibẹ̀, pé kò yẹ fún ènìyàn láti gbé. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó kún orí ilẹ̀ kan náà. Ṣé omi mọ tálákà yàtọ̀ sí olówó ni?

Bí ẹnìkan bá ní ayé ológun nìyẹn, kí ó wo Otodo Gbame, abúlé apẹja tí ó wà ní etí ọ̀sà ní agbègbè Lẹ́kí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní ayé ìjọba alágbádá, tí kóòtù sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n dúró, iná àti katakata bẹ̀rẹ̀ sí í pa abúlé náà rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó sọ pé lílé ènìyàn báyìí láìpèsè ibi tí wọn yóò gbé jẹ́ ìwà ìkà tí ó tàbùkù ọmọ ènìyàn, ó sì ní kí ìjọba bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún kan náà, wọ́n padà wá wó ìyókù. Iye àwọn tí ó pàdánù ilé wọn lé ní 30,000. Ní oṣù kẹfà ni ìdájọ́ ìkẹyìn jáde pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí Òfin Orílẹ̀-èdè, pé kí wọ́n bá àwọn ènìyàn náà fikùn lukùn lórí ibi tí a óò kó wọn lọ. Wọ́n jàre ní kóòtù, ṣùgbọ́n abúlé ti lọ. Ìdájọ́ kì í gbé ilé tí ó ti jóná dìde. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú iná ni adájọ́ ń pàṣẹ rẹ̀ lẹ́yìn eérú.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA FI LÉLẸ̀

Ọlọ́hun fi orúkọ ìfikùnlukùn pe odidi Sura kan nínú Alukuraani. Nínú aaya 38 Suratu Shura, ó ka ìrun kíkí, ó ka ìjíròrò láàárín ara ẹni, ó sì ka nínáwó sí ọ̀nà Rẹ̀, ní ìtẹ̀léra. Ẹni tí kò jẹ́ fi ìrun ṣeré, báwo ni ó ṣe lè máa fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣeré? Nígbà ogun Uhud, èrò Ànábì ni pé kí a dúró sínú Mọdínà. Àwọn ọ̀dọ́ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàábé ní kí a jáde, ó sì tẹ̀lé wọn. Ogun náà kò dára fún Mùsùlùmí. Síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ aaya tí ó pàṣẹ fún un, nínú Suratu Āl Imrān, pé kí ó forí jì wọ́n, kí ó sì máa bá wọn jíròrò. Nítorí náà, ẹni tí ó ní àwọn ará abúlé lè ṣì í mú, nítorí bẹ́ẹ̀ òun kò ní bi wọ́n, kò rí ẹsẹ̀ fi múlẹ̀ nínú ẹ̀sìn yìí.

Nígbà tí Ànábì dé Mọdínà, tí ó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí, ilẹ̀ tí ràkúnmí rẹ̀ dúró sí jẹ́ ti ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ó kọ̀, ó ní kí wọ́n dá iye owó lé e. Ilé Ọlọ́hun ni o, kì í ṣe ilé títà! Nígbà tí Umar, Kálífà kejì, fẹ́ fẹ mọ́sálásí kan náà, ilé Abbas wà lójú ọ̀nà. Abbas kọ̀ láti tà. Kálífà tí ilẹ̀ Páṣíà àti Róòmù ń gbọ̀n nítorí rẹ̀ kò rán ẹ̀ṣọ́ sí i. Àwọn méjèèjì lọ síwájú Ubayy ọmọ Ka'b, ó sì dá Abbas láre. Lẹ́yìn tí Abbas ti rí i pé a kò lè fi agbára gbà á ni ó wá fi tọrẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí a bi léèrè lè fúnni ju ohun tí a béèrè lọ.

Ẹ tún rántí ìkìlọ̀ Ànábì pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìpele ilẹ̀ méje ni a óò fi kọ́ ọ lọ́rùn ní ọjọ́ àjíǹde. Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ bá rí báyìí, kí ni ti 50 hẹ́kítà?

ÀWÍJÀRE WỌN

Àwíjàre àkọ́kọ́ ni pé Baálẹ̀ ti gbà. A ti dáhùn ìyẹn láti inú ẹjọ́ Àpápá. Àṣà wa pàápàá kò gbà kí olórí ẹbí dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí i.

Èkejì ni pé púrúǹtù ni àwọn ará abúlé, wọn kò mọ ètò ìlú. Òótọ́ ni pé baba àgbẹ̀ kò lè ka àwòrán ilé. Ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ibi tí àgbàrá ń gbà ní oṣù kẹsàn-án. Ó mọ odò tí kì í gbẹ àti èyí tí ó máa ń padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ó mọ ibi tí a sin òkú sí. Ẹ lọ wo àwọn ẹ̀sítéètì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀ nígbà òjò, kí ẹ wá sọ fún wa ẹni tí ó jẹ́ púrúǹtù.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan níbẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀: ayálégbé ni wọ́n, àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n, Ègùn apẹja tàbí Fúlàní darandaran ni wọ́n. Àwíjàre yìí ni ó dùn wá jù, nítorí láti ẹnu àwa ara wa ni ó ti ń jáde. Ẹni tí ó ti dá oko fún ogún ọdún lórí ilẹ̀ kan ní ohun tí yóò pàdánù, ì báà má ní ilẹ̀ náà. A kò sọ pé kí a fi owó onílẹ̀ fún àlejò. A ní kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a sì san owó irè oko rẹ̀ fún òun gan-an, kì í ṣe fún ẹni tí ó gbà á sí ilẹ̀. Bákan náà ni àwọn obìnrin. Opó tí ó gbin gbágùúdá, ìyá tí ń fọ epo ní ìdí odò, ta ni ó pè wọ́n sábẹ́ àtíbàbà? Oúnjẹ ni a ní kí wọ́n wá sè.

Ẹ̀kẹrin ni pé ìbéèrè ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹjọ́ kóòtù ńkọ́, kì í fa iṣẹ́ sẹ́yìn? Ìjà àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Ilé tí a kọ́ tán tí a wá fi ọ̀dà pupa kọ àkọlé sí lára pé kí a wó o ńkọ́? Oṣù mẹ́ta tí a fi jíròrò kúrú ju ọdún mẹ́tàdínlógún tí a fi ń rojọ́ lọ.

BÍ ÌBÉÈRÈ TÒÓTỌ́ ṢE YẸ KÍ Ó RÍ

Èkíní, kí ó ṣáájú ìpinnu. Bí òkúta ààlà bá ti wà nínú ilẹ̀ kí ìpàdé tó wáyé, ìkéde ni.

Èkejì, kí a fi Yorùbá kọ ohun tí a fẹ́ ṣe, àti èdè mìíràn tí wọ́n bá ń sọ níbẹ̀, kí a sì fún àwọn ènìyàn láyè láti gbé e lọ sílé fi han ọmọ wọn tí ó mọ̀wé.

Ẹ̀kẹta, kí ìpàdé bọ́ sí àkókò tí àgbẹ̀ àti ọlọ́jà lè wá, kí àwọn obìnrin ní ìjókòó tiwọn tí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé orúkọ àwọn tí ó wá àti ìwé àwọn tí ó gbà jẹ́ ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì kọ ohun tí ìwé jẹ́ sí òkè rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ gbogbo àtakò sílẹ̀, kí a sì dá èsì rẹ̀ padà ní kíkọ: èyí ni a gbà, èyí ni a kò gbà, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀kẹfà, kí ó ṣeé ṣe fún abúlé láti sọ pé rárá. Ìbéèrè tí ìdáhùn kan ṣoṣo wà fún kì í ṣe ìbéèrè.

Ẹ̀YIN NI Ọ̀RỌ̀ KÀN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá, nítorí ebi ń pa yín, iṣẹ́ kò sì sí. Wọn yóò fún àwọn kan nínú yín ní owó, wọn yóò pè wọ́n ní aṣojú ọ̀dọ́, wọn yóò sì ní kí wọ́n máa lé àwọn bàbá tí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀. Owó yẹn, iná ni. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ nínú Suratul Bakara, aaya 188, pé kí a má fi èrú jẹ owó ara wa, kí a má sì gbé e tọ àwọn aláṣẹ lọ láti fi jẹ ìpín ẹlòmíràn nígbà tí a mọ̀.

Ṣùgbọ́n kíkọ owó nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ̀wé nínú yín, kí ó lọ sí káńsù àti iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè ìwé àyẹ̀wò àyíká nígbà tí wọ́n bá pàtẹ rẹ̀, kí ó kà á sétí àwọn àgbà ní mọ́sálásí àti ní ojúde. Kí ẹ bá ìyá arúgbó ka igi kòkó àti igi obì rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí katakata tó dé, nítorí igi tí a ti wó kò ní ẹlẹ́rìí. Kí ẹ wá agbẹjọ́rò nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ má sì sun ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ẹ má lu awọnlẹ̀ kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé igi ni ọ̀rọ̀ yín kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́, yóò di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a ń ṣíwájú ìrun. Wọ́n máa ń pe àwa Lémọ́ọ̀mù síbi ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n á fún wa ní àga iwájú, wọ́n á ní kí a ṣe àdúà kí iṣẹ́ náà ní ìbùkún. Kí Lémọ́ọ̀mù tó la ẹnu rẹ̀, ojúṣe rẹ̀ ni láti béèrè pé: ta ni ó ni ilẹ̀ yìí, ṣé ẹ ti bi í? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó dìde nílẹ̀. Àdúà tí a ṣe sórí ilẹ̀ tí a fi àbòsí gbà kò ní ìbùkún nínú fún ẹni tí ó ṣe é, depo ẹni tí a ṣe é fún.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo hàn wá ní òdodo, kí Ó fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Kí Ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí Ó sì fún wa ní agbára láti jìnnà sí i. Àmín.